Ìpara Inú Agolo Bọ́tà

Òórùn òrí ni ó kọ́kọ́ mú kí Aníwúrà yíjú wo Adésọjí.

Ọjọ́ ìdánrawò orin ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Ìkọ̀yà, ní ọdún kẹta lẹ́yìn òmìnira. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo ènìyàn ti là. Adésọjí, tíṣà tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ilé-ìwé ìjọ, dúró lẹ́yìn rẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin. Bí ó ti ń la ẹnu kọrin ni Aníwúrà ń fa imú. Nígbà tí orin parí, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé òrí lẹ fi para?"

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó fi ọwọ́ bo ọrùn. "Ìyá mi ló dì í sẹ́rù mi láti Ṣakí. Mo rò pé òórùn rẹ̀ ti lọ ni. Ẹ dákun, n óò wẹ̀ dáadáa lọ́la."

"Ẹ má wẹ̀ ẹ́ dànù o!" Ariwo tí Aníwúrà pa jẹ́ kí gbogbo akọrin bojú wẹ̀yìn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ojúlówó ni. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà Òkìtìpupa, wọ́n ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn."

"Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

Bí ó ṣe sọ fún un nípa ìkòkò rẹ̀ nìyẹn.

Ìkòkò kékeré kan ni, lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Aṣọ rírán ni iṣẹ́ tí Aníwúrà ń ṣe jẹun. Ìpara ṣíṣe jẹ́ ìdùnnú ọkàn rẹ̀ lásán. Kì í tà á, ó ń fi tọrẹ ni. Àdín kò wọ́n wọn nílé, nítorí iṣẹ́ epo ni bàbá rẹ̀, Bàbá Lucas, àgbà ìjọ, ń ṣe. Àwọn obìnrin ẹ̀yà Ìjọ́ tí ń fi ọkọ̀ ojú omi wá sọ́jà ni ó ń ra òróró àgbọn lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọdẹ ń bá a wá ìda oyin. Èèpo ọsàn ni ó ń sá gbẹ, tí ó ń rẹ sínú òróró gbígbóná kí ó lè ta sánsán. Lẹ́yìn náà, yóò kán epo pupa díẹ̀ sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè dùn ún wò. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Bí ẹ̀kán omi bá bọ́ sí i, yóò bàjẹ́.

"Òrí gidi nìkan ni n kò ní," ó ní. "Láìsí òrí, ńṣe ló ń ṣàn lójú oòrùn bí ọbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Adésọjí gbé odidi ìṣù òrí tó wà nínú ewé wá bá a.

"Ẹ gbà. Ìyá mi ní kí n máa fi para bí òtútù bá mú mi. Òtútù kò sì mú mi mọ́ láti àná."

Aníwúrà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, gbogbo Ìkọ̀yà ti mọ̀. Inú Bàbá Lucas kò dùn sí i.

"Tíṣà? Bí ìjọba bá ti ṣí wọn nípò, ó dàbọ̀ nìyẹn. Ta ló mọ ilé bàbá rẹ̀?"

"Ẹni tó ń kọrin níwájú Ọlọ́run," ni ìyá Aníwúrà dáhùn, ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè ní Ìyé. "Kí ló wá bà yín lẹ́rù níbẹ̀?"

"Kí ìyá rẹ̀ wá." Bàbá Lucas yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Bí ìyá rẹ̀ bá wá síhìn-ín, tó fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ rẹ, n kò ní sọ pé rárá. Bí kò bá wá, má tún dárúkọ ọkùnrin náà létí mi."

Nígbà tí ìsinmi Àjíǹde sún mọ́lé, Aníwúrà se ìpara mìíràn. Òrí Adésọjí ni ó fi ṣe é, ó sì kán lọ́fínńdà díẹ̀ sí i. Ó ro ó, ó ro ó, títí ó fi dì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó wá agolo bọ́tà kan tó mọ́, ó rọ ọ́ kún un, ó sì fi aṣọ funfun wé e.

"Fún ìyá wa ni o, Adé mi. Sọ fún wọn pé ìpara ni. Sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe é."

"Mo gbọ́, olólùfẹ́ mi."

Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Ìsinmi parí. Agogo ilé-ìwé dún, àwọn tíṣà yòókù ti dé, Adésọjí kò dé. Ọkàn Aníwúrà kò balẹ̀ mọ́. Ó rán apá búlàúsì mọ́ ibi tí ọrùn yẹ kó wà. Ìró ọkọ̀ tó bá gba títì kọjá, yóò sáré jáde. Ọkọ̀ náà yóò kọjá, yóò padà jókòó.

"Ó ti rí ọmọ Ṣakí tó ń dán jù ọ́ lọ," ni Rẹ̀mílẹ́kún, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi ṣe é yẹ̀yẹ́. "Òrí ni wọ́n fi bí àwọn yẹn!"

Aníwúrà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Adésọjí dé. Ó ti rù. Kò sinmi kó tó wá bá a nídìí ìkòkò.

"Adé mi, kí ló dé?"

"Wọ́n jẹ ẹ́."

"Wọ́n jẹ kí ni?"

"Ìpara. Wọ́n fi jẹ búrẹ́dì."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Aníwúrà kí ó tó rí ojú rẹ̀.

"Bọ́tà ni mo máa ń gbé relé nígbà gbogbo," Adésọjí ní. "Mo gbé agolo náà sórí tábìlì, mo lọ kí Bàbá Àlàmú, àbúrò bàbá mi. Òun náà bá mi padà wálé, ó sì bá wọn jẹ nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run gbogbo ilé, àfi ìyá àgbà tí kò léyín tí yóò fi jẹ búrẹ́dì. Ti ìyá mi ló burú jù, òun ni mo dúró tọ́jú. Mo bá sọ pé ọmọbìnrin kan ní Ìkọ̀yà ló ṣe é. Wọ́n ní oògùn ìfẹ́ ni. Wọ́n ní o ti fún wọn ní oògùn jẹ."

"Ṣùgbọ́n mo ní kí o sọ fún wọn pé ìpara ni."

Adésọjí wo ilẹ̀.

"Nígbà tí o gbé e sórí tábìlì, kí lo sọ?"

"Mo ní ẹ̀bùn ni."

"Láti ọ̀dọ̀ ta?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti igi bọ iná.

"Adésọjí, o kò dárúkọ mi?"

"Wọ́n ti wá ọmọbìnrin kan fún mi nílé. Ẹ̀rù ìyá mi bà mí. Mo ní kí n fi di ọ̀la..."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Aníwúrà ju ẹ̀sùn oògùn lọ. "Èmi ń fi ọ́ yangàn ní gbogbo ìlú yìí. Ìwọ ń fi mí pamọ́ bí fìtílà tí wọ́n da agbọ̀n bò. Ṣé ohun ìtìjú ni mí ni?"

"Rárá, ọkàn mi..."

"Má pè mí ní ọkàn rẹ."

Adésọjí fà sẹ́yìn. "Ìyá mi ń bọ̀ ní Sátidé. Òun àti Bàbá Àlàmú. Ó ní òun yóò gbé agolo náà lọ́wọ́."

Ìyá rẹ̀ ń bọ̀! Èyí tí Aníwúrà ti ń gbàdúrà fún nìyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tàn kálẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Jímọ̀, àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìpara padà. Wọn kò kan ilẹ̀kùn. Wọ́n kàn ń gbé agolo sẹ́nu ọ̀nà ni, wọ́n ń lọ. Agolo Rẹ̀mílẹ́kún wà láàárín wọn. Aníwúrà kó wọn wọlé. Ó ro gbogbo ohun tó fi sí ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdín ńkọ́? Ó mọ́. Ìda ńkọ́? Ó sẹ́ ẹ. Lọ́fínńdà tó kán sí i ńkọ́? Àbí ó pọ̀ jù ni? Ọkàn rẹ̀ yọ́ bí ìda tí a gbé sórí iná.

"Ìgbà mélòó ni mo ti ní kí o jáwọ́ nínú ìkòkò yẹn?" Bàbá Lucas ń rìn lọ rìn bọ̀. "Àgbà ìjọ ni mí. Wọn yóò ní ọmọ mi ń se oògùn."

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé n kò se oògùn."

"Èmi mọ̀. Ṣé gbogbo ayé ló mọ̀?"

Aníwúrà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Olúwa, ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí," ni gbogbo àdúrà tó lè gbà.

Ní Sátidé, Ìyá Àrìnkẹ́, ìyá Adésọjí, wọlé láìrẹ́rìn-ín, Adésọjí àti Bàbá Àlàmú tẹ̀lé e. Obìnrin gíga ni. Ó gbé agolo náà lọ́wọ́ bí ẹni gbé ejò. Aníwúrà kúnlẹ̀ kí i, kò dáhùn. Ìyé gbé omi tútù síwájú rẹ̀.

"N kò mu omi," ó ní. "Omi tó tán lára mi ní Ṣakí kò tíì padà."

"Èmi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bù ú," ni Bàbá Àlàmú, ọkùnrin sísanra, sọ lẹ́bàá ògiri. "Ká má purọ́, ó dùn, kí inú tó bẹ̀rẹ̀."

"Àlàmú, dákẹ́!" Ìyá Àrìnkẹ́ gbé agolo lé tábìlì. "Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Òróró àgbọn, mà. Àdín. Ìda oyin. Èèpo ọsàn, epo pupa díẹ̀, ẹ̀kán lọ́fínńdà kan. Àti òrí tí ọmọ yín fún mi."

"Kò sí gbòǹgbò? Kò sí ohun tí ẹnìkan wí sí i?"

Aníwúrà kò lè purọ́. "Àdúrà ni mo gbà sí i, mà. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ fẹ́ràn mi."

Bàbá Lucas dijú.

"Ó dára," ni Ìyá Àrìnkẹ́ wí. "Bó bá jẹ́ àdúrà ni, jẹ ẹ́ lójú mi."

Ìyé gbé iṣu sísè kalẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí kan, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Aníwúrà nawọ́ sí ṣíbí náà. Ọwọ́ mìíràn ti mú un.

Adésọjí ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ìyá rẹ̀, ṣíbí lọ́wọ́.

"Màmá, èmi ni ẹ ó bá wí. Ó ní kí n sọ pé ìpara ni, kí n sọ pé Aníwúrà ló ṣe é. Ẹ̀rù yín bà mí, mo dákẹ́. Lónìí n kò ní dákẹ́. Aníwúrà nìyí. Òun ni mo fẹ́ fẹ́. Bí ikú bá wà nínú agolo yìí, ara mi ni kó ti bẹ̀rẹ̀."

Ó dìde, ó bù ú, ó gbé e mì láìfi iṣu sí i. Ó tún bù ú. Bó ṣe bu ìkẹta sẹ́nu, Aníwúrà gbàgbé àgbà, ó gbàgbé àlejò. Ó fò dìde, ó já ṣíbí gbà lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé orí rẹ dàrú ni? Ìda wà níbẹ̀! Yóò dì sí ọ níkùn! Tu ú! Adésọjí, mo ní kí o tu ú síbí!" Ó ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. "Ìyé, ẹ bá mi gbé omi gbígbóná wá, ẹ jọ̀ọ́!"

Adésọjí tu ú sí i lọ́wọ́ bí ọmọdé.

Bàbá Àlàmú ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àrìnkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ tó wà lábẹ́ àgbọ̀n ọmọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹni tó fẹ́ ṣe ọmọ mi níbi," ó sọ jẹ́jẹ́, "kò ní já ṣíbí gbà lẹ́nu rẹ̀." Ó jókòó. "Ẹ gbé omi tútù yẹn wá."

Ó mu ún tán. Ó wá tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ìdì ewé kan jáde. Kí ó tó tú u, Aníwúrà ti gbóòórùn rẹ̀.

"Ìyá àgbà ló fi í rán mi. Òun nìkan ni kò jẹ nínú bọ́tà ọjọ́sí. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, 'Ẹ̀yin òpè, òrí ilé mi lẹ fi ń jẹ búrẹ́dì yìí!' Ó fi para orúnkún, ó sì ní ó tu òun lára. Ó ní ẹni tó mọ òrí pò báyìí kì í ṣe ọ̀tá. Èmi kò gbà. Mo ní àfi kí n fojú ara mi rí i." Ó gbé òrí náà lé Aníwúrà lọ́wọ́. "Mo ti rí i, ìyàwó mi. Má bínú."

Bàbá Lucas wú ikọ́. "Ìyá, ẹ kò tíì sọ ohun tí ẹ bá wá."

"Ẹjọ́ ni mo bá wá," ó dáhùn. "Ṣùgbọ́n ọmọ ni mo ń tọrọ báyìí, ẹ jọ̀wọ́."

Ìyé bú sẹ́kún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọpẹ́.

Ní àṣálẹ́, Adésọjí wá bá a nídìí ìkòkò, ọwọ́ rẹ̀ lórí ikùn tó ń kùn.

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mo ti dárí jì ọ́. Ìjìyà rẹ ń bọ̀ lóru." Aníwúrà fún un ní omi gbígbóná. "Ṣùgbọ́n má fi mí pamọ́ mọ́, Adé mi."

"N kò jẹ́, ọkàn mi."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní kó má pe òun bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n so wọ́n pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí imú ti kọ́kọ́ fi Adésọjí han Aníwúrà. Rẹ̀mílẹ́kún, tó ti wá tọrọ agolo rẹ̀ padà pẹ̀lú ojú títì, ló gbé tíì àti búrẹ́dì káàkiri. Àwo bọ́tà pupa kan wà láàárín tábìlì àwọn àlejò Ṣakí. Gbogbo wọn ń wò ó, kò sí ẹni tó nawọ́ sí i. Bàbá Àlàmú fi ẹ̀yìn ṣíbí tì í sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Adésọjí dìde. Ó gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà ní ìta lè gbọ́.

"Ẹ jẹun, ẹ̀yin èèyàn mi. Bọ́tà nìyẹn. Ìpara tí Aníwúrà, ìyàwó mi, ṣe, ara mi ló wà!"