Eegun Tí Kò Fẹ́ Ìsinmi

Orí àga ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti kọ́kọ́ rí ọmọ ọmọ mi. Ó na ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ já èso, téèpù wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wọn fèrèsé tí yóò rán kọ́tìnì sí. Aránṣọ ni ọmọ mi yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń tún ilé náà ṣe. Àga tí ọmọ mi gùn yìí, ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira," ó wí. "Gọ́ọ̀mù àga yẹn ò tíì gbẹ."

Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àga mú. Ọmọ mi wò ó láti òkè, ó ní òun ò tíì rí ọkùnrin tó tètè kúnlẹ̀ fún òun báyìí. Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì, àga sì ń mì.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí ọkùnrin náà bá ti ṣíwọ́, á gba ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi kọjá, lẹ́búlẹ́bú pákó á kún irun rẹ̀, ọmọ mi á máa gbọ̀n ọ́n dànù. Onípákó ló ń pè é. Òun náà ń pè é ní Abẹ́rẹ́ Mi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ìgbéyàwó, ọmọ mi sọ òtítọ́ fún un. Ní kékeré, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ṣe é. Oògùn lé àrùn náà lọ, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n bó ṣe ń lé olè jáde ló fọ́ ilẹ̀kùn: ó jẹ eegun rẹ̀. Ìdí nìyí tí apá rẹ̀ fi kán nígbà kan, níbi ìṣubú tí ẹlòmíì á kàn gbọn aṣọ dìde. Láti ìgbà náà ni dókítà ti ń fi ẹ̀rọ wo eegun rẹ̀. Àyẹ̀wò tó kàn sì ti sún mọ́lé.

Onípákó ò sá. Àṣìṣe tirẹ̀ yàtọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ohun tí kò bá lágbára, kì í gbé ẹrù lé e. Ó gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba garawa omi, ó kan àga onítìmùtìmù, ó ní kó máa jókòó. Ìyá Onípákó ní tirẹ̀ ní òun ò rí ẹni tójú rẹ̀ ríran tó ń ra ìkòkò tó sán, pé ṣé irú eegun bẹ́ẹ̀ lè gbé oyún?

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ò dun ọmọ mi tó tìmùtìmù.

"Àìsàn tó ti lọ lò ń fẹ́," ó sọ fún un. "Èmi tí mo wà níhìn-ín, o ò fẹ́ mi. Máa lọ."

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Ní ọjọ́ àbájáde àyẹ̀wò náà, Onípákó dé ọsíbítù, ó mú ìyá rẹ̀ dání. Ó ní bó dára, bí kò dára, òun fẹ́ gbọ́ ọ lójú rẹ̀. Ọmọ mi sún fún wọn lórí bẹ́ǹṣì.

Dókítà wo àwòrán eegun náà títí, kó tó rẹ́rìn-ín. Ó ní eegun náà ti ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Ọmọ mi ní òun ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òun ń gbé aṣọ, òun ń jẹ ẹja, òun ń mu wàrà. Dókítà ní ohun tó mú eegun náà ki nìyẹn, pé eegun tí kò ṣiṣẹ́ ń joro ni, kí ẹnikẹ́ni má fi í jókòó. Ní ti oyún, bó bá ti lóyún, kó tètè wá sọ kí àwọn máa mójú tó o, òun ò rí ohun tó dí i lọ́wọ́.

Onípákó fọwọ́ bojú. Ó mí kanlẹ̀.

Dókítà wá kọjú sí ìyá, ó ní ẹ̀yìn tiwọn yìí tó ń tẹ̀, ta ló ti bá wọn wò ó? Ìyá ní ilé lòun ń jókòó sí. Dókítà dá ọjọ́ fáwọn náà.

Bí wọ́n ṣe jáde, ìyá kọrí sí lífítì.

"Màmá, àtẹ̀gùn ni tiwa," ọmọ mi wí, ó fún wọn lápá.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé àárín, ìyá dúró, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ tètè dájọ́ ìgbéyàwó," wọ́n ní, "kí ìyàwó mi má bàa pa mí sórí àtẹ̀gùn kó tó wọlé."

Onípákó wo ọmọ mi. Ó ní ṣó gbọ́.

"Mo gbọ́. Ẹni tó yẹ kó bi mí ni ò tíì bi mí."

"Ṣé wàá fẹ́ mi, Abẹ́rẹ́?"

"Iṣẹ́ mi ńkọ́?"

"Wàá máa ṣe é. Tó bá rẹ̀ ọ́, kó o sọ."

"Màá sọ. Màá fẹ́ ọ."

Èmi wà nísàlẹ̀, mò ń dúró dè wọ́n. Ẹ̀rín wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó rí ẹsẹ̀ wọn. Ọkàn mi tó ti dìde dúró láti ọjọ́ tí wọ́n dárúkọ àrùn yẹn fún wa, nígbà tí ọmọ yìí ò tíì pààrọ̀ eyín, ìgbà náà ló tó jókòó.