Oko Kajú Eusèbe Ti Di Igbó

Ojoojúmọ́ ni Eusèbe ń lọ sí oko kajú rẹ̀ ní Lougba, síbẹ̀ oko náà ti di igbó. Ìwọ tí o ń ka ìwé kékeré yìí, ṣe sùúrù, wàá mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Olùkọ́ ìṣirò ni Eusèbe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Bantè. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, yóò gun alùpùpù rẹ̀, yóò ní òun ń lọ roko. Alàgbà ni nínú ìjọ, àdúrà sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Marcelline aya rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí tọkọtaya kan bá ń jà ládùúgbò, àwọn èèyàn a ní kí wọ́n lọ wo ilé Eusèbe, kí wọ́n kọ́ bí a ti ń gbé pọ̀.

Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Nígbà ìkórè kajú, Marcelline rí i pé àwọn aládùúgbò ń kó àpò lé àpò wálé, ti ọkọ òun kò sì kún agbọ̀n. Ó rò pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó gbé agbọ̀n, ó gun alùpùpù akérò lọ sí Lougba kí ó lè ràn án lọ́wọ́. Àánú ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe é lọ́nà.

Koríko ti ga dé orúnkún. Kajú ti bọ́ sílẹ̀ káàkiri, ewúrẹ́ sì ń jẹ èso rẹ̀. Orí àpáta kan láàárín oko, níbi tí fóònù ti máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ni Eusèbe jókòó sí, ó kẹ̀yìn sí ọ̀nà. Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Marcelline dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rí ohun tí ó ń wò lójú fóònù: ọkùnrin àti obìnrin níhòòhò, ohun tí kò yẹ kí n kọ síhìn-ín. Agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí," ni Eusèbe wí, ó ń ki fóònù bọ àpò. "Mo fi Ọlọ́run búra."

Ó búra èké. Láti ìgbà tí ó ti ń kàwé ní Savalou ló ti ń wo àwòrán ìṣekúṣe. Nígbà náà, ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá gbéyàwó, àṣà náà yóò lọ. Ó gbéyàwó, kò lọ. Ó ní bí òun bá bímọ, yóò lọ. Pascaline àkọ́bí rẹ̀ ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí. Nígbà tí wọ́n fi í jẹ alàgbà, ó ní ó parí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló tún padà sórí àpáta.

Láti ọjọ́ tí Marcelline rí i, adìẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Eusèbe kò lè jókòó pẹ́ níbì kan. Bí fóònù bá dún, yóò ta gìrì. Bí kò bá dún, yóò yọ ọ́ wò. Ó pa gbogbo fídíò rẹ́, ó gbààwẹ̀, ó tún wá wọn padà. Ní kíláàsì, á máa jágbe mọ́ àwọn ọmọ nítorí ohun tí kò tó nǹkan.

Marcelline alára kò sàn. Ó di ọlọ́pàá nínú ilé ara rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá wọ balùwẹ̀, á yẹ fóònù wò. Á pè é láti ọ́fíìsì, á ní òun kàn fẹ́ kí i ni. Ó ra ìpara tuntun, ó pààrọ̀ irun, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni àwọn obìnrin inú fóònù ní tí òun kò ní. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ta ni yóò gbọ́ pé ilé alàgbà rí báyìí? Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí ń jẹ́ Àríyìkẹ́, obìnrin Nàìjíríà tó ń ta epo bẹntiróòlù inú ìgò létí títì ní Bantè. Onígbàgbọ́ ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Lọ́jọ́ kan Marcelline ra epo lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ìgò mú, ó wá ń wò yíká. Ó ti gbàgbé pé ẹsẹ̀ lòun fi rìn wá.

"Ìyá Pascaline," ni Àríyìkẹ́ wí, "ṣé orí ẹ lo fẹ́ da epo yìí sí ni?"

Marcelline fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Àríyìkẹ́ fà á wọ inú ṣọ́ọ̀bù, Marcelline sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Àríyìkẹ́ kò pariwo. "Ta ló sọ fún ẹ pé ara tìẹ ló fà á? Ṣé kó tó mọ̀ ẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ ni, àbí lẹ́yìn tó mọ̀ ẹ́?"

"Nígbà tí mo dì í mú ṣinṣin, ó jẹ́wọ́ pé kó tó mọ̀ mí ni."

"Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ nìyẹn. O ò lè ṣọ́ èèyàn dé inú ọkàn, Jésù nìkan ló lè débẹ̀. Ṣùgbọ́n má bá a bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Irọ́ tó ò ń bá a pa yẹn ló fi ń rí oorun sùn."

"Tí mo bá sọ̀rọ̀, ilé mi á tú."

"Èyí tó o wà nínú ẹ̀ yìí, ṣé kò tíì tú?"

Wọ́n gbàdúrà. Ó ti pẹ́ tí Marcelline ti ń fẹjọ́ ọkọ rẹ̀ sun Ọlọ́run. Lọ́jọ́ yẹn, ara rẹ̀ ló gbàdúrà fún, nítorí ìbínú tó ti le sí i láyà, ó sì bẹ Jésù kí ó bá òun gbé ẹrù náà. Ó délé, ó jókòó ti Eusèbe.

"Bàbá Pascaline, n kò ní ṣọ́ yín mọ́. N kò sì ní bá yín purọ́ mọ́. Ẹni tó bá bi mí, mo máa sọ òótọ́ fún un. Tí ẹ ò bá wá ìrànlọ́wọ́, èmi àti àwọn ọmọ á lọ sọ́dọ̀ ìyá mi."

Kò gbé ohùn sókè. Ẹ̀rù ba Eusèbe ju bí ẹni pé ó pariwo lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó kan dé. Maximin, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Eusèbe ti kọ́ níwèé rí, fẹ́ gbé Inúmidùn níyàwó ní Savalou. Nínú ìjọ wọn, a máa ń yan tọkọtaya àgbà kan láti ṣe bàbá àti ìyá ìgbéyàwó. Àwọn ni yóò kọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà, àwọn ni yóò dúró lẹ́yìn wọn nínú ilé Ọlọ́run, àwọn náà ni wọn yóò máa gbé ìjà wá bá lẹ́yìn náà. Eusèbe àti Marcelline ni Maximin yàn. Kí Marcelline tó gbọ́, ọkọ rẹ̀ ti dáhùn fún àwọn méjèèjì níwájú ìjọ.

"Mo máa bá yín lọ," ni Marcelline wí, "ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí mo sọ."

Láti Bantè dé Savalou, Eusèbe kò lè fara balẹ̀ lórí alùpùpù. Ó sáré, ó rọra, ó dúró láti yẹ táyà tí kò ṣe nǹkan kan wò. Marcelline jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn òkè Savalou yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń ṣe Eusèbe bíi kó yí padà.

Wọ́n jẹ iyán nílé bàbá Inúmidùn. Lẹ́yìn oúnjẹ, Marcelline àti ọmọbìnrin náà kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ìbéèrè kan wà tí bàbá ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ bi ọkọ ìyàwó. Eusèbe bi í bí ẹni tó ń ka ìwé: "Ṣé ohun kan wà nínú ayé rẹ tí aya rẹ kò mọ̀?"

Rárá ni gbogbo ènìyàn máa ń wí. Eusèbe fúnra rẹ̀ wí bẹ́ẹ̀ nígbà tirẹ̀. Ó ti ń múra àtidìde.

"Ó wà, Mésíyè," ni Maximin wí, bí ó ti máa ń pè é nílé ẹ̀kọ́. Ó wo ilẹ̀. "Àwọn fídíò oníhòòhò ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó. Mo fẹ́ fi sílẹ̀, mi ò rí i fi sílẹ̀. Razack ọ̀rẹ́ mi ní tí mo bá ti gbéyàwó, ó máa lọ. Ẹ̀yin lẹ ti gbéyàwó, ilé yín sì dáa. Ẹ sọ fún mi, Mésíyè. Ṣé ó máa lọ?"

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni ì bá sọ: yóò lọ. Maximin ì bá dúpẹ́, òun ì bá sì gun alùpùpù rẹ̀ padà sílé pẹ̀lú orúkọ rere. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n irú àgbà wo ni òun? Ó gbọ́ ẹ̀rín Inúmidùn láti ẹ̀yìnkùlé. Bí Marcelline náà ti máa ń rẹ́rìn-ín nìyẹn kí ó tó wá sí oko kajú. Ó wá rí i kedere pé bí òun bá purọ́, inú ohun tí aya òun wà ni òun ń ti ọmọ ọlọ́mọ sí.

"Kò lọ," ni ó wí.

Maximin gbójú sókè.

"Kò lọ, ọmọ mi. Ohun tó ò ń sọ fún ara ẹ ni mo sọ fún ara mi, níbí ní Savalou, kí n tó gbéyàwó. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣì wò ó. Ìyá Pascaline mọ̀. Mo ti fìyà jẹ ẹ́." Ó bú sẹ́kún, àgbàlagbà ọkùnrin, lábẹ́ igi máńgòrò.

Maximin kò mọ ibi tí yóò fojú sí. "Kí wá ni mo máa ṣe?"

"Lọ sọ fún Inúmidùn fúnra ẹ, kí ọjọ́ ìyàwó tó dé."

"Tó bá kọ̀ mí ńkọ́?"

"Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ẹ́. Èmi fi ẹ̀tọ́ yẹn du Ìyá Pascaline."

Eusèbe kúnlẹ̀ sórí ìyẹ̀pẹ̀. Ó ti gba ọ̀pọ̀ àdúrà tí gbogbo ìjọ ṣe àmín sí. Èyí kò lẹ́wà rárá. "Jésù, irọ́ ni mò ń pa. Wọ́n ń pè mí ní alàgbà, mi ò sì tíì mọ̀ Ọ́. Mi ò lè gba ara mi. Gbà mí."

Nígbà tó lajú, Marcelline dúró létí ògiri, abọ́ omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbọ́. Kò sáré wá gbá a mọ́ra, n kò ní parọ́ fún ọ. Ó gbé omi náà kalẹ̀ kí ó fi bọ́jú. "Ẹ jẹ́ ká lọ bá pásítọ̀," ni ó wí.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò rọrùn. Eusèbe fi ipò alàgbà sílẹ̀. Ìròyìn náà dé ìlú Gouka, àwọn tó ń yìn ín tẹ́lẹ̀ wá ń yọ ṣùtì sí i. Ó gbé fóònù olówó gọbọi rẹ̀ fún aya rẹ̀, ó ra èyí tí kò ní ju ìpè àti iná tọ́ọ̀ṣì lọ. Nicaise, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ń bi í léèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í sì í gba "dáadáa ni" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, lórí fóònù tí ó yá. Kí wọ́n tó jẹun lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ fún Marcelline. Aya rẹ̀ sunkún, ó sì bínú, ṣùgbọ́n kò tún di ọlọ́pàá mọ́. Jésù tí Eusèbe ké pè lórí ìyẹ̀pẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Ó ti dárí jì í, Ó sì ń fún un ní agbára tí kò rí nínú ààwẹ̀ àti ìbúra.

Maximin jẹ́wọ́ fún Inúmidùn, ọmọbìnrin náà sì ní kí wọ́n dá ìgbéyàwó dúró ná. Nígbà ìkórè kajú ọdún kejì, òun àti Maximin wá sí Lougba. Igbó ti kúrò nínú oko Eusèbe. Òun àti aya rẹ̀ ń ṣa kajú.

Inúmidùn kúnlẹ̀. "A wá bẹ̀ yín kí ẹ wá dúró lẹ́yìn wa."

"Ẹ wá ẹni tó sàn jù mí lọ," ni Eusèbe wí. "Ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́."

"Torí pé mo mọ̀ ni, Bàbá. Ẹ ò jẹ́ kí wọ́n tàn mí jẹ."

Nígbà kan, Eusèbe ì bá ti dáhùn fún àwọn méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yíjú sí aya rẹ̀, ó ń dúró. Marcelline wo àpáta tó wà láàárín oko, ó sì wá wo ọkọ rẹ̀.

"A máa dúró," ni ó wí.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Ìwọ aya tàbí ọkọ tí ẹnì kejì rẹ wà nínú ìdè yìí, kì í ṣe ara rẹ ló fà á, kì í sì í ṣe ìwọ ni olùgbàlà rẹ̀. Gbé ẹrù náà tọ Jésù lọ, má sì bá ẹnikẹ́ni purọ́ mọ́.

Ìwọ tí ìdè náà wà lọ́rùn rẹ, ìbéèrè abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni mò ń bi ọ́. Ṣé ohun kan wà nínú ayé rẹ tí ẹni tó sún mọ́ ọ jù kò mọ̀? Má yára wí pé rárá. O ti ní bí o bá gbéyàwó, yóò lọ. Bí o bá dàgbà sí i, yóò lọ. Bí ọdún tuntun bá dé, yóò lọ. Kò lọ. Kò ní lọ fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè lé e, Ẹni tí ó ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún irú èmi àti ìwọ, ojú rẹ kò sì tì Í.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o tó ki ìwé yìí bọ àpò. Dárúkọ ohun náà fún un. Lẹ́yìn náà dìde, kí oòrùn òní tó wọ̀, kí o lọ sọ ọ́ fún ẹni tí o ti ń fi pamọ́ fún.