Ilé Ọ̀ṣuntókun Kò Sí Nínú Ìwé

Ọmọpẹ́ tún tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kẹrin. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun tó wà lórí tábìlì ọ́fíìsì ìjọ tanná, bébà sì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mira.

"Ó ṣì ń ṣagídí?" Olùṣọ́ ìjọ béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwọn tó ṣe é kò tíì ṣe ètò tí yóò jẹ́ kó bá Linux tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi ṣiṣẹ́. Mo ti kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ó ń bọ̀, kí n máa dúró."

"Láti oṣù Kẹfà tí a ti rà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹ̀gbọ́n Ọmọpẹ́, Adéyẹmọ, ló gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká náà bọ̀ láti Àbíjàn. Ó ti gbó díẹ̀, Windows tí gbogbo ayé ń lò sì ti wúwo jù fún un. Adéyẹmọ bá fi Linux sí i, ọ̀fẹ́ ni, ni kọ̀ǹpútà bá ń sáré bí ẹtu. Òun ni Ọmọpẹ́ fi tẹ ìwé ètò ìsìn ìjọ wọn ní Ẹ̀jìgbò fún ọdún méjì gbáko. Bó bá ń kọjá, àwọn ìyá ìjọ á ní, "Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́." Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn ju oyin lọ. Àfi ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kú, tí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin sì ra tuntun.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Àánú, tí òun àti Ọmọpẹ́ jọ wà ní kíláàsì kan náà, wọlé tòun ti kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó ki okùn bọ̀ ọ́. Kó tó ṣẹ́jú, bébà ti ń jáde.

"Ó gbọ́ tèmi o," ni Àánú wí, tó ń rẹ́rìn-ín. "Àbí òyìnbó tìrẹ ni kò já gaara?"

Àwàdà lásán ni, ṣùgbọ́n ó gún Ọmọpẹ́ bí ẹ̀gún.

"Kò burú," Olùṣọ́ wí. "Ọmọpẹ́, máa fi iṣẹ́ rẹ sínú fláàṣì, kí Àánú máa bá ọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ jọ máa ṣe é."

Kí òun máa gbé fláàṣì tẹ̀lé Àánú kiri? "Ẹ jẹ́ kó kúkú máa ṣe gbogbo rẹ̀, sà," ó wí. "Iṣẹ́ ilé ìwé pọ̀ lọ́rùn mi." Ohùn rẹ̀ jọ ti onírẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéraga ló ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tó délé tó ròyìn, Adéyẹmọ rẹ́rìn-ín. "Dúsúmà, Ọmọpẹ́, dúsúmà," ó wí, bí àwọn tó ti gbé Àbíjàn ṣe máa ń sọ pé kéèyàn rọra. "Ẹni tó bá ń lo ohun tí kò wọ́pọ̀ á kọ́ sùúrù. Ibi tí èrò pọ̀ sí ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń bù fún. Tìrẹ náà á kàn."

"Kó tó kàn mí, Àánú á ti gbà á tán."

"Kí ló máa gbà?"

Ọmọpẹ́ bọ́ sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà ni ìlara ti ń jẹ ẹ́ bí ikán ti ń jẹ òpó ilé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí àwọn ìyá bá pe Àánú ní akọ̀wé, orin á kú sí Ọmọpẹ́ lẹ́nu. Ó ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn orí Àánú ló ń wò.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìkórè ni Àánú wá sílé wọn pẹ̀lú bébà méjì lọ́wọ́: èyí tí akọ̀wé àgbà ìjọ fọwọ́ kọ, àti èyí tí òun tẹ̀ láti inú rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, bá mi wò ó kó tó di ọ̀la tí n máa tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ìjọ. Ìwọ lo mọ àwọn ìdílé yìí. N ò fẹ́ kí ojú tì mí."

Nínú ìjọ wọn, ẹnikẹ́ni kì í dìde lọ́jọ́ ìkórè àfi bí a bá pe orúkọ ilé rẹ̀ láti inú ìwé. Ìdílé tí a bá pè á jó lọ síwájú pẹpẹ tòun ti iṣu àti àgbàdo. Àwọn ọmọ tó wà ní Àbíjàn á máa wò ó lórí fóònù, kí wọ́n lè gbọ́ orúkọ bàbá wọn.

Ọmọpẹ́ kà á, ìlú kọ̀ọ̀kan ní àyíká Ẹ̀jìgbò pẹ̀lú àwọn ilé tirẹ̀. Àwọn ará Ọlá pé. Àwọn ará Àrá pé. Ilé mẹ́rin ló yẹ kó wá láti Máṣífà, mẹ́ta ló rí. Ó yí bébà àfọwọ́kọ náà padà. Orúkọ kẹrin wà lẹ́yìn, níbi tí Àánú kò wò: Ilé Ọ̀ṣuntókun.

Baba Ọ̀ṣuntókun kú nínú oṣù Kẹta. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Dúrójaiyé, ti di Ọmọpẹ́ lọ́wọ́ mú lẹ́yìn ìsìn lọ́sẹ̀ kan sẹ́yìn pé, "Wọ́n ní ilé wa ti bá Baba lọ. Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n á gbọ́ orúkọ wa."

Ọ̀rọ̀ dé ètè Ọmọpẹ́. Lọ́gán ni ọkàn rẹ̀ sọ pé: fi í sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tó jẹ́ akọ̀wé.

"Ó dára," ó wí.

"O ò rí àṣìṣe kankan?"

"Mo ní ó dára, Àánú."

"Olúwa á bù kún ọ." Àdúrà náà dun Ọmọpẹ́ ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ ìkórè, Ìyá Dúrójaiyé jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú agbọ̀n iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé fóònù dání, ojú Dúrójaiyé ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àbíjàn sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Olùṣọ́ dé orí Máṣífà, ìyá náà tún gèlè ṣe. Wọ́n pe ilé kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ó ti ń dìde. Olùṣọ́ bá bọ́ sórí ìlú mìíràn. Ó rọra jókòó padà.

"Màmá, wọn ò tíì pè wá?" ohùn kan béèrè nínú fóònù.

"Wọ́n á pè wá, ọkọ mi."

Wọn ò pè wọ́n. Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, ìyá náà ti gbé agbọ̀n rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Ọmọpẹ́ wo Àánú. Àánú ń kọrin, kò mọ nǹkan kan. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Opó ni òkò Ọmọpẹ́ bà.

Kò lè lọ sílé. Ó wọ ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ lójú Olùṣọ́ àti Àánú.

"Mo gbẹ́kẹ̀ lé ọ," ni Àánú wí, ó sì jáde.

Olùṣọ́ fa Ọmọpẹ́ dìde. "Títí ìkórè ọdún tó ń bọ̀," ó wí, "o kò ní fọwọ́ kan ìwé ìjọ, kódà bí ẹ̀rọ yẹn bá gbọ́ tìrẹ lọ́la. Ní báyìí, jẹ́ ká lọ sí Máṣífà."

Wọ́n bá Ìyá Dúrójaiyé níbi tó ti ń họ àgbàdo. Ọmọpẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó o mọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ti ẹ̀rọ, ti Linux, ti ìlara. Ìyá náà họ àgbàdo kan tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rọ kò lè bá ọ sọ̀rọ̀ àfi bí ẹni tó ṣe é bá tún un ṣe. Ìyẹn yé mi, ọmọ mi. Ẹnu tìrẹ ńkọ́? Ta lò ń dúró dè?"

Ọmọpẹ́ bú sẹ́kún.

"Dìde. Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n Dúrójaiyé kò tíì jẹun láti àárọ̀. Ìwọ ni kó o pè é."

Ọmọpẹ́ gba fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí," ó wí. "Orúkọ Baba wà nínú ìwé. Èmi ni mo rí i tí mo dákẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ lè fi sùúrù dúró dè é. Ṣùgbọ́n rere tó wà lẹ́nu yín, ẹ má fi dúró di ọ̀la. Ẹni tí ìlara bá mú dákẹ́ kò mọ ẹni tí ìdákẹ́ rẹ̀ yóò pa lára.