Èdè Tí Níkẹ́ Máa Bá Ìyá Àgbà Sọ

Ọjọ́ Sátidé kan ni, nígbà òtútù ọdún 1989, ní Stretford nílùú Òyìnbó. Mò ń dirun fún Níkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin, ní pálọ̀ Olúfúnlọ́lá ìyá rẹ̀. Mo ní, "Níkẹ́, tẹ orí ẹ síwájú."

Olúfúnlọ́lá ké láti kíṣìnnì. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, Òyìnbó ni kí ẹ máa bá a sọ! Tíṣà ẹ̀ ní kì í fọhùn ní kíláàsì. Aládùúgbò wa kan sì ní èdè méjì ló ń dà á lórí rú."

Mo pòṣé. Ní oṣù keje, Akínlóyè ọkọ rẹ̀ máa parí ẹ̀kọ́, wọ́n á sì padà sílé. Ọ̀dọ̀ ìyá Akínlóyè ní Ìsẹ́yìn ni Níkẹ́ máa gbé títí wọ́n á fi rílé gbà ní Èkó. Màmá yẹn ò gbọ́ Òyìnbó rárá. Ta wá ni ọmọ máa sọ fún pé inú ń run òun?

Ibi tá a wà nìyẹn tí Akínlóyè fi mú àlejò wọlé. Juliana lorúkọ rẹ̀, wọ́n jọ wà ní yunifásítì. Ọmọ Inuit ni, àwọn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Eskimo, láti etíkun kan ní àríwá Kánádà, níbi tí òkun ti máa ń dì gbagidi.

Ẹnu ń yún mi, n ò lè pa á mọ́ra. "Ṣé inú ilé yìnyín lẹ ń gbé lóòótọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ilé pákó ni tiwa, tẹlifíṣọ̀n sì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré lórí yìnyín ni bàbá mi ń gùn lọ ṣọdẹ. Àmọ́ tó bá pa ẹran, àwọn arúgbó àdúgbò la kọ́kọ́ ń fún."

Ó wo Níkẹ́. "Orúkọ ta lẹ fún un?" Ó ní nílé àwọn, wọ́n máa ń sọ ọmọ tuntun lórúkọ ẹni tó ti kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ń jẹ́ orúkọ ìyá àgbà, nítorí náà "ìyá mi" ni ìyá òun ń pe ọmọdé yẹn.

Mo ju kóòmù sílẹ̀. "Háà! Yétúndé nìyẹn! Èmi gan-an ni Yétúndé. 'Ìyá mi' ni bàbá mi ń pè mí dọjọ́ ikú ẹ̀!"

Gbogbo wa pariwo. Òyìnbó la jọ ń sọ o, àmọ́ àfi bíi pé ará Ìsẹ́yìn ló jókòó tì wá.

Olúfúnlọ́lá bi í pé, "Ṣé ẹ ṣì ń sọ èdè yín?"

Ojú Juliana yí padà. "Níléèwé, wọ́n kà á léèwọ̀ fún èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Nígbà tó yá, tí ìyá àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rín la kàn ń rín sí i. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi ń rìn lọ sórí òkun. Ìyá àgbà ké sí i pé yìnyín ibẹ̀ ò tíì ki. Àbúrò mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó juwọ́ sí wọn, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Yìnyín là, ó já sómi. Wọ́n fà á yọ láàyè, ṣùgbọ́n títí ìyá àgbà fi kú ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ò gbọ́ Òyìnbó."

Olúfúnlọ́lá jókòó. "Nísinsìnyí ńkọ́?"

"À ń gbà á padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níléèwé, àwọn àgbà sì ń mú wọn lọ ṣọdẹ. Àwọn ọmọ náà gbọ́ Òyìnbó dáadáa. Orí ẹnikẹ́ni ò dàrú."

Omi bọ́ lójú Olúfúnlọ́lá. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó bi í ní Yorùbá pé, "Níkẹ́, ṣé ebi ń pa ẹ́?"

Níkẹ́ wò mí, ó wo ìyá rẹ̀, ó wá rọra sọ ní Òyìnbó pé, "Mọ́mì, ṣé tíṣà ò ní bá wa wí tá a bá sọ Yorùbá?"

Ó dùn mí wọnú egungun.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní Swinton, ní Fallowfield, níbikíbi, ẹ gbọ́ o: èdè méjì kì í da ọmọ lórí rú. Tí ọmọ ò bá tètè sọ̀rọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, ẹ má fi èdè yín dù ú. Ẹ máa bá a sọ Yorùbá nídìí oúnjẹ àti nígbà tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́. Òyìnbó kún ìta, kò ní ṣaláì gbọ́ ọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ìyá àgbà bá ké pé "Kúrò lọ́nà, ọkọ̀ ń bọ̀!", lẹ́sẹ̀ kan náà ni kó gbọ́ ọ, kó sì sá.