Òkúta Pẹlẹbẹ Ẹ̀gbẹ́ Ògiri

"Ibo gan-an ni wọ́n wá sin ín sí?"

Ìyáàfin Gillanders ló bi mí bẹ́ẹ̀, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Láti Kánádà ló ti wá sí erékùṣù wa ní Skọ́tílándì fún ìpàdé ọdọọdún ìdílé wa. Láyé àtijọ́, onílẹ̀ lé àwọn ènìyàn obìnrin náà wọ ọkọ̀ ojú omi kí àgùntàn lè ríbi jẹko. Calum, baba ńlá wọn, ti darúgbó jù, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ibojì rẹ̀ ni obìnrin náà ń wá nínú ìtẹ́ òkú àtijọ́ wa.

Bàbá àgbà mi, Eachann, ló yẹ kó dá a lóhùn. Ìdílé wa kì í kọ orúkọ sára òkúta ibojì. Ẹnu ni bàbá fi ń kọ́ ọmọ. Bàbá àgbà nìkan ló kù tó mọ ẹni tó wà lábẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan. Àìmọye ìgbà ló ti pè mí pé kí n wá kọ́ ọ, èmi á ní, "Ó dọ̀la, Bàbá." Lọ́jọ́ náà, àyà ń dùn ún, ló bá rán mi.

"Peigi, sọ̀rọ̀ o!" Ùna, ọ̀rẹ́ mi, ń fi mí ṣẹ̀sín lójú gbogbo wọn. "Àbí ọmọ-ọmọ Eachann ò mọ nǹkan kan ni?"

Ojú tì mí. Mo na ìka sí òkúta pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ibẹ̀ yẹn ni, mà."

Háà! Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó sunkún, ó dì mọ́ mi. Wọ́n yà mí ní fọ́tò. Orí mi wú, ẹ ò rí i!

Ilé ìwé tí mò ń gbé wà ní òdìkejì omi. Nígbà tí mo fi padà wálé lóṣù Kẹwàá, Ìyáàfin Gillanders ti sin eérú òkú bàbá rẹ̀, tí wọ́n ti sun, sí ìdí òkúta náà, ó sì ti ri òkúta dúdú gàgàrà mọ́ ọn. Ó gba ìwé àṣẹ. Àwọn ará àdúgbò ṣèbí Bàbá ló fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ Bàbá kò lè jáde nílé mọ́. Èmi náà pa ẹnu mi mọ́.

Lẹ́yìn Kérésìmesì, Bàbá pe èmi àti ìyá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Òkúta pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ ògiri, abẹ́ rẹ̀ ni bàbá àti ìyá mi wà. Àyè ẹnì kan ló kù níbẹ̀, tèmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé mi sáàárín àlejò."

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Peigi, o pa wá!" ni ìyá mi ké.

"O ò mọ̀, o wá sọ?" ni Bàbá bi mí. Kò bú mi. Ó kọjú sí ògiri, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Ìyá mi kọ lẹ́tà sí Ìyáàfin Gillanders ní Kánádà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká gbé eérú náà lọ síbòmíì. Èsì tó dé ni pé, "Ọmọ yín ló fi ibẹ̀ hàn mí. Bàbá mi ti sinmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí i." Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìtẹ́ òkú tuntun tó wà létí títì la gbé Bàbá lọ. Àwọn ọkùnrin ń gba pósí lórí èjìká ara wọn bí àṣà wa. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ìtẹ́ òkú àtijọ́, ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú fẹ́ yà síbẹ̀, bó ti máa ń yà láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

"Ẹ má yà," ni ọkùnrin àgbà kan sọ. "Ẹ máa lọ." Mo sunkún débi pé n kò ríran mọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ tètè bá tèmi, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan tún ṣe. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ gbà pé ẹ ò mọ̀. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Kí ẹ sì kọ́ ohun tí àgbà fẹ́ kọ́ yín nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀.

Lọ́dọọdún, àwọn àlejò ń bi mí pé ta ló wà lábẹ́ àwọn òkúta yòókù. Mo ń sọ fún wọn pé n kò mọ̀. Kò sì sí ẹlòmíì tí mo lè ní kí wọ́n lọ bi.