Ìwé Tí Ẹ̀yẹolúwa Yàn fún Ẹgbẹ́ Agunkẹ̀kẹ́

"Ẹ̀yẹ, kí lo tún ń wò? Èyí tó ń dán yẹn ni ká mú!"

Dámilọ́lá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ kọjá orí tábìlì ilé ìkàwé, ó sì fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìwé ìròyìn olóṣooṣù méjì ló wà níwájú wọn, ti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere sì ni méjèèjì. Ọ̀kan ń jẹ́ Ìràwọ̀ Kẹ̀kẹ́. Bébà rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, fọ́tò kẹ̀kẹ́ olówó ńlá ló sì kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkejì ń jẹ́ Ojú Ọ̀nà. Bébà tirẹ̀ kò dán, àwòrán rẹ̀ kò tóbi, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀.

"Mi ò tíì kà wọ́n tán," ni Ẹ̀yẹolúwa fèsì.

"Ta ló ń ka magasíìnì? Wíwò là ń wò ó!"

Àwọn ọmọkùnrin tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yẹolúwa nìkan ni ọmọbìnrin nínú ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ilé-ìwé girama wọn ní ìlú Ọ̀yọ́, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Dókítà Morẹ́nikẹ́, tó jáde ní ilé-ìwé náà nígbà kan rí, tó ti di olùkọ́ ní yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ló ránṣẹ́ sí wọn. Obìnrin náà fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ débi pé òun ló ń gùn lọ sí ibi iṣẹ́. Ó ní òun yóò máa ra magasíìnì kẹ̀kẹ́ kan fún ilé ìkàwé wọn lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ yàn án," ni ó wí. "Tí ẹ bá yàn án tán, ẹ gun kẹ̀kẹ́ yín wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ wá sọ ìdí rẹ̀ fún mi."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyínká, olùkọ́ jọ́gíráfì tó ń bójú tó ẹgbẹ́ náà, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó pe Ẹ̀yẹolúwa. "Ìwọ lo máa ń fara balẹ̀ kàwé nínú wọn," ni ó sọ fún un. "Wá àwọn tó ti jáde láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, kí o kà wọ́n dáadáa. Èyí tí o bá mú wá la máa tẹ̀lé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Ẹ̀yẹolúwa nínú, àmọ́ kò pẹ́ tó fi rí i pé iṣẹ́ náà ní ìdánwò tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe jáde nílé-ìwé lọ́jọ́ kejì ni ó bá Israfil lẹ́nu géètì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló sì ń bá Ìràwọ̀ Kẹ̀kẹ́ wá oníbàárà.

"Ìwọ ni Ẹ̀yẹolúwa, àbí? Mo gbọ́ pé ọwọ́ rẹ ni ọ̀rọ̀ magasíìnì yẹn wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ káàsán, Bọ̀ọ̀dá."

"Ó dáa. Tí ẹ bá mú Ìràwọ̀ Kẹ̀kẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ yín ló máa gba akoto tuntun àti jẹ́sì. Ìwọ ní tìrẹ, a máa ya ọ́ ní fọ́tò, a sì máa gbé e sínú magasíìnì. Ojú ewé kan gbáko!"

"Fọ́tò tèmi?"

"Tìrẹ ni mo wí. Ọmọbìnrin Ọ̀yọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́! Ta ni kò ní fẹ́ wò ó?"

Bí Ẹ̀yẹolúwa ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé, kò rí ọ̀nà mọ́, ara rẹ̀ ló ń rí nínú ìwé. Ó tún rí ojú Àǹtí Títílọlá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ẹni tí kì í wá kí wọn kó má sọ ọ̀rọ̀ kan náà: "Ọmọbìnrin wo ló ń na ẹsẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ káàkiri ìgboro? Iṣẹ́ ọmọlúàbí ha nìyẹn?" Tí fọ́tò yẹn bá jáde, ẹnu Àǹtí yóò wọhò.

Ìyá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ń lọ aṣọ tó fi ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Ẹ̀yẹolúwa ro gbogbo rẹ̀ fún un láìsinmi.

"Ṣé o ti ka ìwé náà?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Mo ti wo fọ́tò inú rẹ̀, Mọ́mì. Ó rẹwà gan-an!"

"Mi ò bi ọ́ ní ti fọ́tò." Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ẹnu tó ń jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, ọmọ mi. Kọ́kọ́ ka ìwé kí o tó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Tí ó bá dára lóòótọ́, kò sí ẹni tó máa sọ pé o ò gbọdọ̀ mú un."

Ẹ̀yẹolúwa kò fẹ́ràn ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n ó kàwé. Ó yá èyí tó rí yá lára magasíìnì méjèèjì, ó sì jókòó tì wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ìràwọ̀ Kẹ̀kẹ́. Nínú ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ pé irú bíréèkì kan wà tí kò lẹ́gbẹ́ láyé. Ìpolówó ọjà bíréèkì yẹn gan-an ló wà ní ojú ewé tó kọjú sí i. Nínú ti oṣù tó tẹ̀lé e, bíréèkì mìíràn ló ti di èyí tí kò lẹ́gbẹ́, ìpolówó tirẹ̀ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣí òmíràn, bákan náà ló rí. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti sọ pé ohun kan kò dára. Lójú wọn, gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ló dára, ẹni tí kò bá sì rà á ni kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn.

Bíréèkì kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kì í sábà mú. Ó wò ó, ó ní, "Ká tilẹ̀ wo ohun tí Ojú Ọ̀nà máa sọ sí i."

Ojú Ọ̀nà kò ní kó ra nǹkan kan. Ó ní kó nu etí àgbá kẹ̀kẹ́ náà mọ́ tónítóní, kó tún rọ́bà bíréèkì gbé sí ipò, kó sì fa wáyà rẹ̀ le. Ẹ̀yẹolúwa mú sípánà, ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ṣe é bó ṣe rí i nínú àwòrán. Kàkà kó dára, ńṣe ni rọ́bà ń ha táyà. Ó tú u, ó tún un ṣe, ó ṣì ń ha á. Inú bí i, ó ju sípánà sílẹ̀.

"Òpùrọ́ ni èyí náà!"

Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó mú Ojú Ọ̀nà ti oṣù tó tẹ̀lé e láti fi najú. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn ìwé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò, ó rí ọ̀rọ̀ yìí: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì wá. Ẹ̀gbẹ́ òdì ni a kọ àwòrán bíréèkì wa sí ní oṣù tó kọjá. Òǹkàwé kan ló pe àkíyèsí wa sí i. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí." Ẹ̀yẹolúwa sáré padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ó tẹ̀lé àwòrán tuntun náà, ó yí àgbá, ó sì tẹ bíréèkì. Àgbá náà dúró gbagidi.

Ó jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ìwé tó lè sọ níwájú gbogbo ayé pé òun ṣe àṣìṣe, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní tan òun jẹ.

Ṣùgbọ́n sísọ ọ́ fún ẹgbẹ́ ni wàhálà wà.

"Ojú Ọ̀nà ni mo yàn," ni ó wí nígbà tí wọ́n pàdé. Ó ṣàlàyé gbogbo ohun tó rí.

"Akoto ti lọ nìyẹn?" ni Dámilọ́lá béèrè. "Jẹ́sì ti lọ? Nítorí bébà tí kò dán?"

"A ní akoto tí ilé-ìwé rà fún wa. Kò tíì fọ́."

"Ìwé la fẹ́ gùn ni, àbí kẹ̀kẹ́?"

"Kẹ̀kẹ́ la fẹ́ gùn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi mú èyí tó máa kọ́ wa."

Ìbùkún, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà, dìde, ó sọ pé òun kò ṣe ẹgbẹ́ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyínká ní kí wọ́n dákẹ́. "Mo sọ pé èyí tó bá mú wá la máa tẹ̀lé, mi ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ," ni ó wí. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Fún ìgbà pípẹ́, Ẹ̀yẹolúwa nìkan ló ń dá gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Àwọn tó máa ń dúró dè é lẹ́nu géètì tẹ́lẹ̀ ti máa ń lọ kó tó dé ibẹ̀. Israfil wá ilé-ìwé mìíràn, fọ́tò ọmọbìnrin kan níbẹ̀ sì jáde nínú Ìràwọ̀ Kẹ̀kẹ́. Àǹtí Títílọlá, tó ti gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà, ló rí i lórí fóònù, ó sì gbé e wá.

"Wo ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ! Ìwọ tí o ní o gbọ́n, fọ́tò tìrẹ dà?"

Ẹ̀yẹolúwa wọ yàrá rẹ̀, ó sunkún. Ìyá rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nu ojú rẹ."

Ìrètíolúwa, tó kéré jù nínú ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ wá bá a. "Àǹtí Ẹ̀yẹ, bíréèkì tèmi kì í mú. Ṣé ẹ lè fi ohun tó wà nínú ìwé yẹn hàn mí?" Wọ́n jọ tún un ṣe lábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọkùnrin mìíràn rí wọn, ó gbé tirẹ̀ wá. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pọ̀: bí a ṣe ń tò tẹ̀lé ara wa lójú pópó, bí a ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn, ìdí tí a fi ń mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wá. Dámilọ́lá ló dé kẹ́yìn. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn dojú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ délẹ̀, ó ní, "Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?"

Nígbà tí ọjọ́ ìrìn àjò pé, wọ́n kúrò ní Ọ̀yọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyínká wà nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé lẹ́yìn wọn. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kò sí ẹni tó ń du iwájú mọ́ ẹnì kejì lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Odò Ọbà, kẹ̀kẹ́ ń sáré, atẹ́gùn ń fẹ́ wọn létí. Lójijì, agbo màlúù já láti inú igbó, ó sì dí ọ̀nà pa. Dámilọ́lá ló wà níwájú. Ó na ọwọ́ sókè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, gbogbo wọn sì tẹ bíréèkì. Àwọn táyà han. Kẹ̀kẹ́ Dámilọ́lá dúró nígbà tí ìwo màlúù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn dúró, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan kò kọ lu ẹnì kejì.

Wọ́n dúró títí màlúù fi kọjá. Dámilọ́lá kọjú sí Ẹ̀yẹolúwa.

"Ẹ̀yẹ," ni ó wí, "ká ní bíréèkì mi ti tẹ́lẹ̀ ni..."

"Má parí rẹ̀. Mu omi."

Ó mu omi. Lẹ́yìn náà, ó ní, "O ṣeun. Mo ti yẹ kí n sọ ọ́ tipẹ́."

Nígbà tí wọ́n wọ Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè sí wọn. Àwọn èèyàn ń dìde nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ wò ó, obìnrin wà láàrin wọn!" Ìyá àgbàlagbà kan lẹ́bàá ọ̀nà gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ọmọ mi, o káre! Ẹsẹ̀ rẹ á máa le sí i!" Ẹ̀yẹolúwa na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ lórí kẹ̀kẹ́. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wú.

Dókítà Morẹ́nikẹ́ mú wọn lọ jẹun ní Under G. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó kọjú sí Ẹ̀yẹolúwa.

"Ó yá, sọ ọ́ fún mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ Ojú Ọ̀nà?"

"Mà, mo gbìyànjú ohun tó kọ́ wa, ó sì ṣiṣẹ́. Nígbà tó ṣe àṣìṣe, ó jẹ́wọ́. Kì í yin ohun tí wọ́n sanwó fún un láti yìn."

"Ó dára. Kí ni àléébù rẹ̀?"

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ara wọn. Ẹ̀yẹolúwa ní, "Ó ní àléébù, mà. Kì í sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà tiwa. Kò mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Odò Ọbà, kò mọ ooru wa, kò sì sọ bí ọmọbìnrin ṣe máa ṣe tí wọ́n bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí kẹ̀kẹ́."

Dókítà Morẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹgbẹ́ ṣe ń bọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́. "Ẹni tó lè sọ àléébù ohun tó yàn ló mọ ohun tó yàn. Màá máa rà á fún yín. Èyí tí kò mọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i."

Dámilọ́lá ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, àwọn tó kù sì tẹ̀lé e. Ibẹ̀, lórí tábìlì oúnjẹ náà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nípa ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìwé wọn sí Ojú Ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí a ń kà lójoojúmọ́ ń di ara wa, yálà ìwé ni o, yálà inú fóònù ni. Ẹ má ṣe yan èyí tó kàn ń fi ẹwà fa ojú yín, tàbí èyí tó fi ẹ̀bùn dí yín lẹ́nu. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ẹ gbé e wò nínú iṣẹ́, kí ẹ sì dúró ti òtítọ́ tí ẹ bá rí, kódà bí ọ̀rẹ́ bá kẹ̀yìn sí yín. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹni tó bá sì yàn dáadáa, yóò gbé orí rẹ̀ sókè láàrin ìgboro.