Ta Ni Yóò Ṣe Onígbọ̀wọ́ Teryo?

Bí a bá dúró ní èbúté Iloilo, ìlú wa, lọ́sàn-án, a óò rí erékùṣù Guimaras ní òdìkejì omi kedere. Ọkọ̀ ojú omi kì í pẹ́ débẹ̀ rárá. Síbẹ̀ Eleuterio, tí gbogbo wa ń pè ní Teryo, kò lè kọjá síbẹ̀. Delfina ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn wà lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ ìyá Delfina, ọ̀rọ̀ tí Delfina sọ kí ó tó wọ ọkọ̀ sì ni ó dè é mọ́lẹ̀.

"Teryo, ẹnu ẹ ti sú mi. Ọjọ́ tí ẹlòmíì bá la ẹnu sọ pé òun lè dúró fún ẹ, kó o ránṣẹ́ sí mi. Kó tó dìgbà yẹn, má tẹ̀ lé mi."

Kí ni Teryo ṣe? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í fi pamọ́ mọ́. Ìjà àkùkọ ni. Ó ń wẹ àkùkọ, ó ń fọwọ́ ra á lẹ́sẹ̀, ó ń fi àgbàdo tó dára jù lọ bọ́ ọ, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń mu omi ìrẹsì dípò wàrà. Bí àwọn obìnrin àdúgbò bá dá èésú, òun ni yóò bẹ̀bẹ̀ pé kí òun kọ́kọ́ kó o. Bí ó bá ti kó o tán, ó di àwátì.

Nígbẹ̀yìn, ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù èbúté, ó ní òun fẹ́ fi ra ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Àkùkọ pupa kan ni ó fi owó náà rà. Àkùkọ náà kò pẹ́ nínú agbo kí ó tó ṣubú, ẹni tí ó borí sì gbé òkú rẹ̀ lọ sílé lọ sè, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Teryo kò tilẹ̀ rí itan kan jẹ nínú gbèsè ara rẹ̀.

Panfilo tí ó ń fọ́ yìnyín ní èbúté, tí a ń pè ní Filo, ni ó ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Láti ìgbà náà, bí Teryo bá rí Filo lókèèrè, yóò yà gba ẹ̀yìn ọjà ẹja lọ.

Nígbà tí Delfina lọ, ilé dákẹ́. Àwo méjì ni Teryo ṣì ń gbé sílẹ̀ lálẹ́ kí ó tó rántí. Ó ń fi kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ gbé èrò kiri, ó ń gbọ́ ẹ̀rín ọlọ́mọ lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì padà sílé tí kò ti ní rí ẹni bi í pé, báwo ni iṣẹ́. Ó fi àkùkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rí i tí yóò yìn ín. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá ní kẹ̀kẹ́ tòun, Delfina yóò padà. Nítorí náà ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó padà lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ́dọ̀ Purita akọ̀wé wọn, tí a ń pè ní Manang bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa, tí a sì ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní Manong.

"Manang Purita, ẹ jọ̀ọ́, àkáǹtì lásán ni mo fẹ́ ṣí. Màá máa dá owó síbẹ̀ títí ẹ ó fi lè yá mi lówó kẹ̀kẹ́."

"Ìwọ Teryo? Àkùkọ wo ló tún wọ̀ ẹ́ lójú?" Àwọn tí wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Mo ti fi àkùkọ sílẹ̀, Manang. Gbèsè yẹn náà, màá san án díẹ̀díẹ̀."

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "Gbèsè wo? Kò sí gbèsè lọ́rùn ẹ níbí. Wọ́n ti san án tipẹ́."

"Ta ló san án?"

"Ta ni ìwọ náà rò? Onígbọ̀wọ́ ẹ ni. Inú owó oṣù ẹ̀ la ti ń yọ ọ́ títí tó fi tán."

"Tí gbèsè bá ti tán, kí ló dé tí ẹ ò ṣí àkáǹtì fún mi?"

"Gbèsè ti tán, àmọ́ ìwọ kọ́ lo san án. Orúkọ ẹ ṣì bàjẹ́ síbi tó o bà á jẹ́ sí. Lọ wá onígbọ̀wọ́ míì wá."

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san, ó ti bẹ́gi dínà egbèje. Teryo lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ onítọ̀hún lójijì. Ẹni tí ó ni kẹ̀kẹ́ rí i tí ó ń bọ̀, ó sì ṣe bí ẹni tí ó ń sùn, tòun ti bí ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣe ń mì. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní tirẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: "Mo lè ta ìrẹsì fún ẹ, àmọ́ mi ò ta orúkọ mi."

Ó lọ jókòó sí èbúté, ó ń wo Guimaras. Ẹ̀yin ará, ìyà ń bẹ nínú kí èèyàn wà láàrin ogunlọ́gọ̀ tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, kí ó má sì rí ẹyọ ẹnì kan tí yóò sọ pé, "Mo mọ̀ ọ́n, mo dúró fún un." Teryo sunkún níbẹ̀ lójú àwọn alágbàrù, kò sì bìkítà.

Nígbà náà ni ó rántí òrùlé Filo. Ìjì ti gbé òrùlé gbogbo wa lọ lẹ́ẹ̀kan, oníkálùkù sì ti kan páànù tuntun. Tápólì búlúù ni Filo ta bo tirẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà láti ọdún dé ọdún. Teryo a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn èrò rẹ̀ pé, "Ẹ wo ilé Manong Filo, ó fẹ́ràn òjò!" Àṣé owó páànù náà ni ẹgbẹ́ ń yọ lóṣooṣù. Ìtìjú bò ó.

Ó lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Filo ń jẹ ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ.

"Teryo! Wọlé. Ṣé o ti jẹun?"

"Manong, ẹ ò ní bú mi?"

"Jẹun ná. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ èébú dáadáa."

Teryo jókòó. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti san án?"

"Báwo ni màá ṣe sọ ọ́? Tí mo bá ti yọ báyìí, wàá ti gba ẹ̀yìn ọjà ẹja."

"Màá san án padà fún yín, gbogbo ẹ̀."

"Wọn kì í san gbèsè kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn obìnrin tó o kó èésú wọn lọ ni kó o wá san tiwọn." Filo ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Teryo, èmi náà jẹ gbèsè rí, níwájú Ọlọ́run. Ẹmu àgbọn ò jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí ìyá mi kú. Ta ni mo fẹ́ san ìyẹn fún? Jésù ló fọwọ́ sí i fún mi, ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀ ló sì fi san án. Òrùlé lásán ni mo pàdánù lórí tìẹ. Òun, ẹ̀mí Ẹ̀ ló fi lélẹ̀, fún èmi àti ìwọ. Àbí wàá tún gba ẹ̀yìn ọjà sá fún Òun náà?"

Òjò bẹ̀rẹ̀. Omi ń kán láti ara tápólì sí ejìká Teryo, kò sì kúrò níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Olúwa, mi ò ní nǹkan tí mo lè fi san án. Mo gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Rẹ. Má jẹ́ kí n sá mọ́." Àdúrà tí ó gbà kò jù báyìí lọ.

Lọ́jọ́ kejì àwọn méjèèjì lọ sí ẹgbẹ́. Filo ní òun tún fẹ́ fọwọ́ sí ìwé fún Teryo.

"Filo, ṣé orí ẹ pé?" ni Manang Purita bi í.

"Orí mi pé, Manang. Òrùlé mi ni ò pé."

Wọ́n ṣí àkáǹtì kékeré fún Teryo. Ó ń fi díẹ̀ tí ó bá rí síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n yá a ní owó táyà kan, ó san án kí ọjọ́ tó pé. Wọ́n tún yá a ní èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún san án. Ó san tàwọn obìnrin náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún dá èésú, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kó o kẹ́yìn. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn lójú, nítorí wọn kò rí ẹni tó bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀yìn rí. Ó dá a pé títí ó fi kàn án, páànù òrùlé Filo ni ó sì fi rà. Nígbà tí Filo fẹ́ kọ̀, ó ní, "Manong, kì í ṣe gbèsè. Ẹ̀bùn ni."

Ilé ṣì dákẹ́ ní gbogbo àkókò yìí o. Ẹni tí ó bá ní gbogbo nǹkan a máa dọ́gba lọ́jọ́ tí a gba Jésù, irọ́ ló ń pa. Àmọ́ Teryo kì í dá nìkan jókòó sí èbúté mọ́ nígbà tí ó bá ń wo omi. Ó ní Ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Filo ni ó wọ ọkọ̀ lọ sí Guimaras, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó padà, Delfina ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n máńgòrò, ọmọ sì di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Teryo dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́.

Delfina kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ẹnì kan dúró fún ẹ."

"Ẹni méjì ni, Delfina," ni Teryo wí, omijé sì gba ojú rẹ̀.

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, ó lè jẹ́ pé àkùkọ kọ́ ni tìrẹ. Ìwọ ṣáà mọ ohun tí ò ń gba ẹ̀yìn ọjà sá fún. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a óò pe orúkọ rẹ níwájú Ọba tí kò ṣeé tàn jẹ, ọmọ ìyá rẹ kò ní lè fọwọ́ sí i fún ọ, owó rẹ kò ní sọ̀rọ̀. Ta ni yóò dúró fún ọ? Jésù ti san gbèsè náà tán, Ó sì ń dúró dè ọ́ kí o yà wọlé. Má sọ pé ó di ọ̀la, má sì ní o fẹ́ kọ́kọ́ tún orúkọ ara rẹ ṣe ná. Bí o ṣe jókòó yẹn, bí o tilẹ̀ dá nìkan wà, kúnlẹ̀ kí o sì gbà Á lónìí.